Ẹni Tó Di Okùn Mú

Omi dé orúnkún Afọlábí. Ó dúró, kò mira.

Kò yẹ kí omi wà níbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé kànga náà gbẹ. Torí ẹ̀ ló ṣe so okùn mọ́ ìbàdí láàárọ̀ yìí, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ihò ara ògiri kànga lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé ìsàlẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de ilẹ̀ líle. Omi ló bá. Ó mọ́. Ó tutù dé egungun.

Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ojú ìsun. Ó rí i. Omi ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ láti abẹ́ wá, jẹ́jẹ́, léraléra, bí ọmọ màlúù ṣe ń fi imú ti ọmú ìyá rẹ̀.

Kànga tí Afọlábí ti gbẹ́ ní Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ kò níye. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù. Ní báyìí, irùngbọ̀n náà ti funfun. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìsun bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ. Inú òkùnkùn ni omi ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó gbà. Ó kàn ń dé ni.

"Sùbúhánálláhì," ó wí lábẹ́ èémí.

"Bọ̀dá mi!" Ohùn Àwáwù já wálẹ̀ láti òkè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló máa ń di okùn rẹ̀ mú. "Ẹ dákẹ́ jù! Ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?"

"Mo wà."

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Omi ni mò ń wò."

"Omi kẹ̀? Nínú kànga tó gbẹ?"

Ó ti rí nǹkan mìíràn. Páìpù tí ẹ̀rọ fi ń fa omi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi ọwọ́ ra á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀gangan àyà, ìka rẹ̀ wọ ibi tó là. Ó là gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ náà yé e. Kì í ṣe omi ni ẹ̀rọ ń mu. Atẹ́gùn ni.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń rò ó. Bó bá gòkè tó ní kànga gbẹ, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ ẹ sí i, ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó? Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí kò ṣe é dáadáa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni agbẹ́kànga fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé ẹ̀rọ kiri láti fi lu ilẹ̀ ti gba ìgboro. Ọkọ́ rẹ̀ ti pẹ́ lára ògiri. Iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tó wọlé láti ìgbà tí òjò ti dá. Bó bá sọ òótọ́, iṣẹ́ náà bọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ló kù.

Púlọ́ńbà kan ló sì mọ̀ ní gbogbo agbègbè náà tó jẹ́ pé ibi tó bá dí, ó dí títí. Salman ni. Orúkọ náà korò lẹ́nu rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Kò sí ìjà láàárín wọn tí èèyàn lè rò fún ẹlòmíràn. Ó kàn rí Salman lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà ìlú Ara ni, ní ilé kan tó jẹ́ pé bàbá Afọlábí ló gbẹ́ kànga ibẹ̀. Ọkọ̀ àwọn tó ń lu ilẹ̀ wà níwájú ilé. Salman wà láàárín wọn, ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń fi ibi tí wọn yóò lù hàn wọ́n. Afọlábí kò dúró. Láti ọjọ́ náà, bí Salman bá kí i ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀fun ló fi ń dá a lóhùn.

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Àwáwù fà á sókè.

Deborah tó ni ilé ti ń dúró dè é lẹ́nu kànga. Alágbàfọ̀ ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ẹdẹ; aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti àwọn olùkọ́ wọn ló ń fọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹní, aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yunifásítì náà wà ní òkìtì, funfun tí ìdọ̀tí ti mú lọ́rùn. Ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀la ni wọn yóò wọ̀ wọ́n.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Báwo ló ṣe jìn tó? Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ?"

Afọlábí tú okùn ní ìbàdí. Ó fún etí ṣòkòtò rẹ̀. Omi kán sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, gbogbo wọn sì ń wò ó.

"Kànga yín ò gbẹ."

"Ẹ má bá mi ṣeré, Bàbá. Ẹ̀rọ ti ń ké bí ewúrẹ́ láti ìjẹta, kò mú ẹ̀kán kan jáde."

"Atẹ́gùn ló ń mu. Páìpù yín ti là nísàlẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò sí iṣẹ́ tèmi níbẹ̀."

Àwáwù wò ó bí ẹni tó rí àgbàlagbà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ da ọbẹ̀ sílẹ̀. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ò kúkú ní jẹ́ ká..."

"Àwáwù."

Ó yíjú sápá kan.

"Ta wá ni kí n pè?" Deborah béèrè.

Ìbéèrè tí Afọlábí ń bẹ̀rù nìyẹn. Ní agbo ilé wọn, wọn kì í júwe oníṣẹ́. Ẹni tó bá júwe oníṣẹ́ fún èèyàn, òun ni onídùúró rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá jalè, bó bá ba iṣẹ́ jẹ́, ẹnu ọ̀nà ẹni tó júwe rẹ̀ ni wọn yóò gbà wá. Bàbá Afọlábí kò júwe ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Kò sì bi oníbàárà kankan rí pé ta ló júwe òun. "Iṣẹ́ tí Ọlọ́run bá rán sí ọ," ó máa ń wí, "má bi í pé ọ̀nà wo ló gbà wá." Lójú rẹ̀, ẹni tó bá béèrè ń yọjú wo àpò Ọlọ́run. Ọmọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ náà mú. Bí oníbàárà bá dé, Afọlábí á ní alihamudulilahi, á gbé ọkọ́ rẹ̀. Ó tán.

Ó wo òkìtì aṣọ funfun náà.

"Salman," ó wí. Ó jáde lọ́fun rẹ̀ bí egungun ẹja. "Ẹ pe Salman púlọ́ńbà. Bó bá dí i, ó dí."

Deborah kọ́kọ́ la ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, tó ń fi ọwọ́ lu itan.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi mí gbá bọ́ọ̀lù ni?"

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ta lẹ rò pé ó ní kí n pè yín? Salman náà ni! Mo pè é lánàá, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ara. Mo ní omi ò wá mọ́, ó jọ pé kànga ti gbẹ. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọnú kànga náà àfi ẹ̀yin. Ó ní bí ẹ ò bá ráyè, kí n dúró dè yín. Kí n dúró o! Èmi tí aṣọ akọrin wà lọ́rùn mi!"

Afọlábí yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ká okùn. Ó tún tú u.

"Ó dáa náà," Àwáwù wí, ó ń gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀. "Ẹ ti fi ẹnu ara yín lé iṣẹ́ jáde. Èmi ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Alajue. Ẹ má jókòó ti iṣẹ́ oníṣẹ́ o, Bọ̀dá mi." Ó dá ọ̀kadà dúró, ó lọ.

Ó yẹ kí òun náà lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti júwe oníṣẹ́. Ó ti di onídùúró. Kò lè lọ.

Oòrùn ti ga kí alùpùpù Salman tó wọlé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí àpò irinṣẹ́ kọ́ léjìká. Afọlábí fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. Salman tẹríba kí àgbà náà. Ẹ̀rín wà ní igun ojú rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pè mí. Mo ní wọ́n ń purọ́."

"Páìpù wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n fetí ara mi gbọ́."

"Mo ní páìpù wà níbẹ̀."

Salman rẹ́rìn-ín, ó kọjú síṣẹ́. Ó di páìpù mú, ó fà á. Kò wá. Deborah ràn án lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì fà á títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Kò wá. Salman dojú bolẹ̀ lẹ́nu kànga, ó yọjú wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Ẹnu rẹ̀ ti rì sínú iyanrìn," ó wí. "Bí mo bá fi tipátipá fà á, á já. Bó bá já síbẹ̀ yẹn, aṣọ yìí ò ní di fífọ̀ lónìí. Àfi kí wọ́n kó iyanrìn kúrò lẹ́nu rẹ̀."

Gbogbo wọn wo kànga. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo Afọlábí.

Wọ́n pe fóònù Àwáwù kó wá di okùn mú. Ó ń dún, kò gbé e. Wọ́n tún un pè. Bákan náà ni.

"Èmi á di okùn náà mú," Salman wí.

Afọlábí gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ kejì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nìyí: okùn agbẹ́kànga, ọmọ ìyá ẹni ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá di okùn mú, ẹ̀mí ló dì mú. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, kò sí ẹjọ́ tí wọ́n lè rò tí yóò dá ẹni tó wà nísàlẹ̀ padà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, kò sí ọwọ́ mìíràn lórí okùn náà ju ti Àwáwù lọ.

"Lọ́jọ́ kan," Afọlábí wí. Ó fi ọwọ́ ra okùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Mo rí ẹ lójú ọ̀nà Ara. Ìwọ àti àwọn tó ń lu ilẹ̀. Nílé tí bàbá mi gbẹ́ kànga sí."

"Ẹ rí mi, ẹ ò sì yà?"

"Kí lo ń bá wọn ṣe?"

"Mò ń bá wọn jà ni! Wọ́n fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ dí kànga bàbá yín kí wọ́n tó lu tiwọn. Mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ dí i. Díẹ̀ ló kù kí n fi orí kan ọ̀kan nínú wọn." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Kànga yẹn ṣì wà. Tiwọn ti dákẹ́. Ti bàbá yín ni wọ́n ń pọn títí di òní."

Ewé gbígbẹ kan já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Afọlábí ń wò ó títí ó fi balẹ̀.

"O ò sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Gbogbo èèyàn tí mò ń rán sí yín, ṣé ẹ ò bi wọ́n rí ni? Ẹ ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo ní, Salman, o ṣeun. Bí mo bá kí yín, ẹ ó dá mi lóhùn bí ẹni tí mo jí adìyẹ rẹ̀ kó. Mo ní, àgbà yìí mà gbéra ga o! Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Kànga tí ẹ bá gbẹ́, iyanrìn kì í ba ẹ̀rọ jẹ́ níbẹ̀. Ti ẹlòmíràn, iyanrìn á wọnú ẹ̀rọ, èmi ni wọ́n á sì wá bú. Ẹ wo eléyìí bí ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣe ṣe é."

"Ẹ̀yin ọkùnrin!" Deborah wí. "Ẹ̀ ń bọ́ ara yín látẹ̀yìn, ẹ ò sì bá ara yín sọ̀rọ̀ lójú."

"Àwọn wo lo rán?" Afọlábí béèrè.

Salman dárúkọ wọn. Kò tilẹ̀ dúró rò ó. Ilé Lèmọ́mù tó wà lápá odò. Hasanat oníbúrẹ́dì. Àwọn tó kọ́lé sẹ́yìn Pólì, àti ẹ̀gbọ́n wọn tó wá kọ́ tiẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ń sọ ọ́, ó tún ń rántí òmíràn. Afọlábí jókòó, ó ń gbọ́. Kò rántí ojú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó rántí kànga wọn: eléyìí ní àpáta, ìyẹn ní amọ̀ pupa, ti oníbúrẹ́dì, omi rẹ̀ kọ́kọ́ jáde bíi wàrà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ti ní alihamudulilahi. Ọlọ́run ló rán wọn lóòótọ́. Òun ni kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ẹnìkan ni wọ́n ń gbà kọjá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó dìde. Ó so okùn mọ́ ìbàdí. Ó yí ìyókù rẹ̀ po ìdí igi máńgòrò lẹ́ẹ̀kan, ó sì na òpin okùn náà sí Salman.

"Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, dẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, fà mí sókè."

"Bí ẹ ò bá fà á rárá ńkọ́?"

"Má jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Salman. Ó fi ẹsẹ̀ ti gbòǹgbò igi, ó dúró.

Afọlábí sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń kéré sí i. Òórùn ilẹ̀ tútù bò ó. Ó fi ẹsẹ̀ wá ihò kan, ó rí i. Ó wá òmíràn, ó rí i. Omi tó ro lára rẹ̀ láàárọ̀ ti mú ọ̀kan rọ̀. Òun ló tẹ̀. Etí ihò náà ya. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá nǹkan kan mọ́.

Kò ráyè ké. Okùn mú un ní ìbàdí kí ẹnu rẹ̀ tó là. Ó rọ̀ sínú òkùnkùn bí èso. Èjìká rẹ̀ gbá ògiri. Nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó ya ṣubú sómi, jàbú. Òkè dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Okùn náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró gbọin, bí ẹni pé láti inú igi náà gan-an ló ti hù.

"Mo wà," Afọlábí wí, nígbà tí èémí rẹ̀ padà.

"Mo mọ̀," ohùn kan wí lókè.

Ó fi ẹsẹ̀ wá ihò mìíràn.

Nísàlẹ̀, ó kó iyanrìn kúrò lẹ́nu páìpù. Ó ń fi ọwọ́ bù ú, ó ń dà á sínú garawa tó so mọ́ra sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é láìbi í. Páìpù náà mì. Ó tú. Ìsun tún ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ láti abẹ́ wá. Ó yẹ kó fa okùn. Kò tíì fà á. Ó gbójú sókè.

Ojú ọ̀run wà lọ́hùn-ún, ó rí roboto, ó kéré bí àwo. Okùn náà kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó ń gòkè, ó ń tín-ín-rín sí i, ó wọ inú ìmọ́lẹ̀ lọ. Kò rí ọwọ́ tó wà lópin rẹ̀. Kò rí ojú kankan. Okùn nìkan ló rí, ó sì le dáadáa. Láti ọjọ́ tó ti ń wọ inú ilẹ̀, ó ti rò pé bí a bá yọ ti Àwáwù kúrò, òun nìkan ni òun wà níbẹ̀. Ó dúró pẹ́ ju bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ. Ara rẹ̀ bù máṣọ, kì í sì í ṣe nítorí omi.

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó jáde, ó wo ọwọ́ Salman. Okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Salman fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Afọlábí wá ọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Òun ti rò ó. Ọpẹ́ náà ló tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ.

"Salman. O ṣeun."

"Ti ọwọ́ ni, àbí ti àwọn oníbàárà?"

"Gbogbo rẹ̀."

Salman fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ojú àgbà náà, ó sì jáwọ́. "Mo gbọ́, Bàbá," ó wí.

Ó fa páìpù jáde, ó gé ibi tó là dànù, ó fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀. Wọ́n jókòó kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ, wọ́n sì dá páìpù padà sínú kànga. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, ó ké, ó wúkọ́, ó tu ẹrẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi dé. Ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá mọ́.

"Halelúyà!" Deborah ké. Ó ti ki aṣọ akọrin bọ inú omi kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àmín.

"Kí Bàbá padà wá kó iyanrìn kànga yìí tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o," Salman sọ fún un. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyanrìn á tún gbé páìpù mì."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ wá," Deborah dáhùn, kò gbójú sókè. "N ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́."

Fóònù Afọlábí dún. Ó rò pé Àwáwù ni. Obìnrin kan tí kò mọ̀ ni. Ó ní Roqeebah lorúkọ òun, ó ní òun ń kọ́lé lójú ọ̀nà Ìwó, òun sì fẹ́ kànga kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

"Alihamudulilahi," ó wí. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí fóònù láti pa á. Kò pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́." Ohùn rẹ̀ ṣàjèjì létí òun fúnra rẹ̀. "Ta ló júwe mi fún yín?"

"Ẹniọlá ni. Ẹniọlá tó ń kun ilé."

"N ò mọ Ẹniọlá kankan."

"Ó ní ẹ ò lè mọ òun. Ó ní ìgbà kan lòun kun ilé kan tí kànga yín wà níbẹ̀, òun sì mu omi rẹ̀. Ó ní gbogbo ilé tóun bá ti ń kùn lòun máa ń dárúkọ yín."

Afọlábí yíjú sí Salman. "Ṣé o mọ Ẹniọlá kan tó ń kun ilé?"

Salman ronú. Ó mi orí. "N ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Omi ń dà. Aṣọ funfun àkọ́kọ́ ti wà nínú oòrùn, ó ń ro. Afọlábí jókòó sí etí kànga. Ó fa okùn rẹ̀ sún mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká a, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ibi tí òpin rẹ̀ wà.